Obì Tí Mo Dì Mọ́wọ́ Lọ́jọ́ Tí Mo Ṣubú

Wárápá ni orúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, torí pé inú máa ń bí mi sí àwọn tó ń pè é ní "nǹkan yẹn". Nílé wa, "nǹkan yẹn" ni wọ́n ń pè é fún odidi ọdún kan, bí ẹni pé tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀, ó máa jẹ́ wọn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Èmi tó ń ṣe, wárápá ni mo ń pè é. Oògùn rẹ̀ wà nínú àpò mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ti lo ti àárọ̀, ó ku ti ìrọ̀lẹ́.

Ṣùgbọ́n tí mo bá rántí ìgbà yẹn, kì í ṣe oògùn ló kọ́kọ́ ń wá sí mi lọ́kàn. Òórùn obì ni. Ìsọ̀ obì ìyá mi àgbà wà ní Ẹ̀pẹ́, nínú Ṣàgámù, ilé gígùn kan tí wọ́n fi páànù bò, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ṣí sílẹ̀ sí àgbàlá. Tí o bá wọbẹ̀ láàárọ̀, òórùn ewé tútù àti ti gbànja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ni yóò kọ́kọ́ kí ọ káàbọ̀ kí ènìyàn kankan tó rí ọ. Mo ti gbé Èkó, mo ti gbé Ìlíṣàn, mi ò tíì gbọ́ òórùn mìíràn tó máa ń mú mi dúró lójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Tí mo bá rí ẹni tó gbé igbá obì kọjá báyìí, mo lè tẹ̀ lé e dé ibi tí mi ò mọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí àwọn òbí mi fi mí ránṣẹ́ sí i láti Èkó, torí iṣẹ́ ò jẹ́ kí àwọn méjèèjì ráyè ilé. Obìnrin kúkúrú ni ìyá mi àgbà, ó dúdú, ìborùn kì í kúrò léjìká rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Ó ti ń ta gbànja kí wọ́n tó bí bàbá mi. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nípa rẹ̀ ni pé kì í jẹ obì rárá. Ó ní kì í jẹ́ kí òun sùn. Bí oníbàárà bá fi awẹ́ kan lọ̀ ọ́, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ jẹ́ kí n rí oorun sùn, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ ń bẹ lọ́la."

Láti oko ni gbànja ti ń dé nínú àpò. A ó rẹ ẹ́ sínú omi kí èèpo funfun ara rẹ̀ lè rọ̀, a ó bó o, a ó fọ̀ ọ́, a ó wá tẹ́ ẹ sórí ẹní láti ṣà á. Ṣíṣà yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Obìnrin márùn-ún ló máa ń jókòó yí ẹní ká lórí àpótí, èmi ni ẹlẹ́ẹ̀kẹfà. A ó máa yí obì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, tí a bá rí ihò kòkòrò lára rẹ̀, bó ṣe wù kó kéré tó, a ó yọ ọ́ sọ́tọ̀. Èyí tó bá dára á lọ sínú agbọ̀n tí a ti tẹ́ ewé gbòdògì sí nínú. A ó fi ewé bò ó lórí, a ó dì í. Àwọn obìnrin yẹn fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. "Ọmọ Èkó, ṣé ẹ ń fi obì jẹ búrẹ́dì lọ́dọ̀ yín ni?" Ṣùgbọ́n ojú mi mú ju tiwọn lọ, wọ́n sì mọ̀. Ìyá mi àgbà á gba obì tí ẹlòmíràn ti ṣà, á jù ú sí mi: "Gbà, wò ó fún mi." Inú mi a máa dùn débi pé mi ò ní fẹ́ lọ jẹun.

Nígbà tí mo pé ọdún méjìlá ni mo kọ́kọ́ ṣubú. Mi ò lè ròyìn rẹ̀ fún yín, torí pé mi ò sí níbẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í rò nìyẹn: gbogbo ayé rí i, àfi èmi. Mo wà lórí àpótí, mo ń wo obì kan, ìgbà tí mo tún mọ nǹkan, ilẹ̀ ni mo wà, ojú mi tutù, ahọ́n mi ń ro mí, ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́nu mi. Àwọn obìnrin yẹn ti dúró sí òdìkejì àgbàlá bí ẹni tó rí ejò. Ẹnì kan nínú wọn ti fi ṣíbí ya ẹnu mi. Eyín iwájú mi kan kán níbẹ̀, ó sì ṣì kán báyìí. Bí mo bá rẹ́rìn-ín ẹ ó rí i.

Ohun tó tẹ̀ lé e, ẹ lè rò ó fúnra yín. Áfà kọ hàǹtú sára wàláà, ó fi omi fọ̀ ọ́, mo mu omi náà. Wọ́n fi nǹkan kun ẹsẹ̀ mi. Wọ́n fún mi ní àgbo kan tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù sè, mi ò sì ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀kejì, mo ṣubú lẹ́ẹ̀kẹta. Wọ́n ya abọ́ mi sọ́tọ̀ nínú ilé, abọ́ aláwọ̀ ewé kan. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Mo kàn rí i pé òun nìkan ni wọ́n ń gbé fún mi.

Oníbàárà kan ló gbà wá. Hausa ni, ó ń gbé Sábó, àwa sì ń pè é ní Alájì. Òun ló ń ra agbọ̀n tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa láti kó wọn lọ sókè Ọya. Yorùbá rẹ̀ já gaara ju tèmi lọ. Ó gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ mi wúyẹ́wúyẹ́, ó ní, "Ìyá, ẹ gbé ọmọ yìí lọ ọsibítù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní irú rẹ̀, oògùn ló ń lò, ó ti fẹ́ ìyàwó." Ọ̀rọ̀ ìyàwó yẹn ló wọ ìyá mi àgbà létí. Lọ́jọ́ kejì, a wà ní ọsibítù ńlá.

Dókítà obìnrin kan ló rí wa, kò tíì dàgbà púpọ̀, ó sì ní sùúrù. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ mi lórí, ìyá mi àgbà sì dìde dúró: "Ẹ rọra o. Orí ọmọ ni, kì í ṣe rédíò." Lẹ́yìn náà dókítà jókòó tì wá, ó ní, "Ìyá, nínú orí gbogbo wa, ọpọlọ máa ń fi nǹkan bí iná mànàmáná ránṣẹ́ sí ọwọ́, sí ẹsẹ̀, sí ojú, díẹ̀díẹ̀. Tirẹ̀ máa ń ya jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà míì, ìdí nìyẹn tí ara fi ń gbọ̀n."

Ìyá mi àgbà ní, "Bí ìgbà tí wọ́n bá mú iná dé tó wá pọ̀ jù tó jó gílóòbù?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, Ìyá. Àmọ́ gílóòbù tirẹ̀ ò jó. Oògùn ló máa mú kí iná náà dúró déédéé."

Ó kọ́ wa ní ohun tí a máa ṣe tí mo bá ṣubú. Kí wọ́n kó ohun líle kúrò nítòsí mi, kí wọ́n fi nǹkan rírọ̀ tì mí lórí, kí wọ́n dà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ lè ṣàn jáde, kí wọ́n má dì mí mú, kí wọ́n má sì ki ohunkóhun bọ̀ mí lẹ́nu. Ó wo eyín mi nígbà tó sọ èyí. Tí gbígbọ̀n náà bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n máa gbé mi bọ̀. Ó ní itọ́ lásán ni fóòmù tó ń jáde lẹ́nu mi, kò lè ran ẹnikẹ́ni, kí wọ́n da abọ́ mi pọ̀ mọ́ tàwọn yòókù. Ó fún mi ní oògùn, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. "Bí kò bá ṣubú mọ́, Ìyá, ẹ má dá a dúró o. Ọ̀rọ̀ ọdún ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oṣù. Èmi ni mo máa sọ ìgbà tí a ó máa dín in kù."

Ìyá mi àgbà ní òun ti gbọ́. Ó gbọ́ lóòótọ́. Gbígbọ́ yàtọ̀ sí kó wọni lára, ṣá.

Oògùn ṣiṣẹ́. Oṣù kan kọjá, oṣù mẹ́ta kọjá, ó di oṣù mẹ́jọ, mi ò ṣubú. Mo padà sórí àpótí mi. Ẹ ò lè mọ bí ìgbà yẹn ṣe dùn tó fún mi. Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, a ó tú gbogbo agbọ̀n tó wà nílẹ̀, a ó yẹ obì wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó da ewé àtijọ́ nù, a ó sì fi ewé tuntun dì wọ́n. Bí a ṣe ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn. Ìyá eléwé á ti ru gbòdògì dé, omi á máa kán lára ewé náà. Òjò á máa pa páànù, àwọn obìnrin á máa sọ ẹjọ́ aládùúgbò, mo máa ń rò pé ibẹ̀ ni mo máa wà títí ayé.

Ni ààwẹ̀ bá kù díẹ̀. Èmi fẹ́ gba ọgbọ̀n ọjọ́ pé, oògùn àárọ̀ sì máa ba ààwẹ̀ jẹ́. Ìyá mi àgbà wo oògùn náà, ó wò mí, ó ní, "Oògùn tó ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán, kí la tún ń lò ó fún? Ara rẹ ti yá, àlùhámídù. Oògùn òyìnbó àpọ̀jù ò dáa fún ọmọbìnrin." Ó kó o sínú agolo mílíìkì, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mi ò jiyàn. Oògùn yẹn máa ń mú mi tòògbé ní kíláàsì, wọ́n sì ń pè mí ní Ìyá Olóorun. Inú mi dùn, kí n má purọ́.

Jímọ̀ kejì nínú ààwẹ̀ ni mo ṣubú.

Ohun tí mo ń sọ yìí, àwọn obìnrin ìsọ̀ ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àfikún tirẹ̀. Gbogbo agbọ̀n ló wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Alájì ti dé láti wá wo ọjà rẹ̀. Obì kan wà lọ́wọ́ mi. Mo ké lẹ́ẹ̀kan, mo sì ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Ẹnì kan sáré mú ṣíbí wá, ìyá mi àgbà já a gbà, ó sọ ọ́ sínú àgbàlá. Ó ta àpótí kúrò nítòsí mi, ó ká ìborùn rẹ̀ sí mi lábẹ́ orí, ó dà mí sí ẹ̀gbẹ́, ó sì kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí tí ara mi fi rọlẹ̀.

Nígbà náà ni ìyá eléwé sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ló bà á. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú sí mi o. Ọmọ yìí ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan obì mọ́. Ẹ wo itọ́ rẹ̀ lára èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu ènìyàn ni obì ń lọ. Ta ló máa rà á, tí wọ́n bá gbọ́?" Ó sì wo ojú Alájì. Àwọn obìnrin ìsọ̀ ń wo ilẹ̀.

Ìyá mi àgbà ṣí ọwọ́ mi, ìka kọ̀ọ̀kan, torí mo dì í mọ́wọ́ pinpin. Ó yọ obì náà. Ó fi etí ìró nù ún. Ó wojú sánmà, ó ní kí Ọlọ́run dárí jin òun nítorí ààwẹ̀. Ó là á sí méjì, ó sì fi awẹ́ kan sẹ́nu.

Ibẹ̀ ni mo ti jí. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni àgbọ̀n rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò. Eyín rẹ̀ ò pé, ó sì ń jẹ ẹ́ kíkankíkan, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ nítorí kíkorò rẹ̀. Ó jẹ awẹ́ kan tán, ó gbé èkejì sẹ́nu. Mo rò pé àlá ni mò ń lá, torí mo mọ ìyá mi àgbà, kì í jẹ obì.

Nígbà tó gbé e mì tán, ó ní, "Ó dáa. Ta ló tún ní ọ̀rọ̀ sọ?"

Alájì wúkọ́. "Ẹ bá mi di àwọn agbọ̀n mi, Ìyá. Ilẹ̀ ń ṣú lọ."

Ìyá eléwé di ẹrù rẹ̀, ó lọ. Ó padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, torí kò sẹ́ni tó ń ra ewé lọ́wọ́ rẹ̀ bíi tiwa. Àwọn obìnrin ìsọ̀ wá ń rẹ́rìn-ín pé Ìyá ò fojú kan oorun lóru ọjọ́ yẹn di àárọ̀, pé obì tó ti ń sá fún láti kékeré ti mú un. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé mi ò ti sọ fún yín?"

Mo padà sídìí obì. Àmọ́ mo rí i pé àwọn àpótí ti sún díẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò ju bí àtẹ́lẹsẹ̀ kan lọ, ṣùgbọ́n mo rí i. Ó dùn mí wọra. Mo ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìbínú, mo ń ju obì. Jímọ̀ dé, ìyá mi àgbà gbé agbọ̀n kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dì lọ́sẹ̀ tó kọjá síwájú mi, ó ní kí n tú u. Mo tú u. Obì inú rẹ̀ ń dán, kò sí kòkòrò kan níbẹ̀. Mo ní, pẹ̀lú ẹnu gbígbóná tí mi ò gbọ́dọ̀ fi bá àgbà sọ̀rọ̀, "Kò sí kòkòrò níbí! Lọ́sẹ̀ tó kọjá náà kò sí! Kí ló dé tí ẹ tún ní ká pààrọ̀ ewé rẹ̀?"

Ó kọ ojú sí mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wí. "Òmùgọ̀! Ṣé o rò pé ó kàn dáa fúnra rẹ̀ ni? Torí pé à ń pààrọ̀ ewé rẹ̀ ni kòkòrò ò ṣe..."

Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú agbọ̀n, kò mú un jáde. Ó wò mí títí, mo rò pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́ kọjá àforíjì. Ó dìde, ó wọ inú ilé, mo gbọ́ tí agolo mílíìkì dún lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tó jáde, ó di agolo náà mọ́ àyà, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n. Ó ní, "Èmi ni mo ṣe ọ́ léṣe. Èmi, tí mo ń ta obì láti ìgbà tí mo gbọ́njú."

Kò kàn fún mi ní oògùn náà fúnra rẹ̀. Ó gbé mi padà sọ́dọ̀ dókítà, ó sì jẹ́wọ́ fún un, ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ obì àti ewé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Dókítà ò bínú. Ó ní ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí ara bá ti yá, àti pé òun máa yá ọ̀rọ̀ ewé yẹn lò fún wọn. Ó ní ààwẹ̀ kò pọn dandan fún aláìsàn, pé ní ọdún tí ara mi bá dúró, a ó jọ wo bí mo ṣe lè máa lo oògùn ní sàárì àti ní ìṣínu. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti kí ìyá mi àgbà láàárọ̀, ìbéèrè tó ń bi mí kì í yẹ̀: "Ṣé o ti pààrọ̀ ewé?" Mo bá a gbé títí mo fi wọ yunifásítì, kò gbàgbé lọ́jọ́ kan. Àwọn àpótí náà padà sún mọ́ mi, díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ kan ni mo kàn rí i pé orúnkún ẹnì kan ń kan tèmi.

Wọ́n dín oògùn náà kù lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wárápá padà wá, a tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn míì wà tí wọ́n bọ́ nínú rẹ̀ pátápátá. Èmi ò sí nínú wọn, kò sì pa mí. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìlíṣàn, mo sì sọ fún wọn nílé ìwé ohun tí wọ́n máa ṣe tí mo bá ṣubú. Ìsọ̀ obì yẹn ti di ibi tí wọ́n ti ń ta ìbòrí fóònù. Mo kọjá níwájú rẹ̀ lóṣù tó kọjá, mo dúró, mo fa imú. Òórùn rọ́bà ni mo gbọ́. Mo sunkún nínú mọ́tò, ojú ò tì mí láti sọ ọ́.

Ọdún tí ìyá mi àgbà lò kẹ́yìn láyé, mo wá kí i lọ́sàn-án ọjọ́ kan. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti rù, ṣùgbọ́n ohùn yẹn ṣì tóbi. Ó bi mí nípa ewé, mo ní mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí mo ṣubú nínú ààwẹ̀ wá sí mi lọ́kàn, mo ní, "Ẹ̀yin náà gbìyànjú, Ìyá. Ìgbà tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù, ẹ̀yin ti gba ohun tí dókítà sọ gbọ́, pé kì í ràn."

Ó wò mí bí ẹni tí mo sọ ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín fún.

"Ta ló gbà á gbọ́? Láti kékeré ni wọ́n ti sọ fún mi pé ó ń ràn. Ṣé ọ̀rọ̀ dókítà ọjọ́ kan ló máa yọ ọ́ lára mi? Kì í ṣe obì ni kò jẹ́ kí n sùn o. Mo jókòó sórí ibùsùn, mo ń retí ìgbà tí èmi náà máa ṣubú."

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ wá fi jẹ ẹ́?"

"Wọ́n fẹ́ lé ọ kúrò nídìí obì." Ó fa ìborùn rẹ̀ sókè sí èjìká. "Mo wò ó pé tó bá mú èmi náà, ta ló máa lé mi kúrò ní ìsọ̀ ara mi?"